Ọwọ́ Ìyá Mi Nínú Àwòrán

Ẹ má bínú sí bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Pírámárì márùn-ún péré ni mo kà, ìwé kíkọ kò sì mọ́ mi lọ́wọ́.

Mo rántí ọjọ́ tí àwòrán ìyá mi wọ ilé wa ní Emene, nílùú Enugu níbí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ rẹ̀ tán ni. Ayàwòrán kan ní Maryland, àdúgbò kan nínú Enugu yìí náà, tí ìyá mi máa ń bá gbálẹ̀ ilé, ló fi ọ̀dà yà á kó tó kú, òun fúnra rẹ̀ ló sì gbé e wá. Nínú àwòrán náà, ìyá mi jókòó, ó pa ẹnu dé pinpin, ó fi ọwọ́ òsì lé ìhà.

Bàbá mi fi etí aṣọ nu eruku ara àwòrán náà. "Ìyá ẹ rèé, tòun ti ojú ọlọ́pàá rẹ̀!"

Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì kó tó kú, mo fi ibi tí mo ti ń kọ́ iṣẹ́ irun dídì sílẹ̀ láìsọ fún un. Láti ìgbà náà, bí mo bá kúnlẹ̀ kí i láàárọ̀, kì í dáhùn. Mo ní ó ń bá mi yodì ni. Èmi náà bá ń kí i lóòró, mo ń kọjá lọ, bíi pé mo gbọ́n. Báyìí la wà títí ó fi lọ.

Mo rọra bi ayàwòrán náà bóyá ìyá mi sọ ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́.

"No be vex be that o, my pikin. Na pain."

Ó fi ìka mi kan ìró inú àwòrán náà: ọ̀dà ibẹ̀ ki, ó le. Ṣùgbọ́n lójú, ó fẹ́lẹ́ débi pé fọ́nrán aṣọ tó ya àwòrán náà sí hàn lábẹ́ rẹ̀. Ó ní ojú tí ẹ̀jẹ̀ ti sá kúrò níbẹ̀, òun ò lè kó ọ̀dà tó ki lé e. Ní ti ọwọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta lòun ní kó gbé e lé itan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló padà síbi tó ń dùn ún. Ló bá ha ọwọ́ tó kọ́kọ́ yà sí itan kúrò, ó yà á síbi tó fẹ́ wà. Ó ní ìyá mi bẹ òun kí òun má sọ fún wa, àti pé ìkérora ló ń fi ẹnu pípadé yẹn há mọ́nú.

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà. Mo wo ojú yẹn fún oṣù méjì, ọ̀rọ̀ ara mi nìkan ni mo kà níbẹ̀. Títí di òní, bí àlejò bá ní obìnrin yìí gbéraga, mi ò kì í jiyàn. Ọwọ́ náà ni mo máa ń nàka sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì tí ayàwòrán náà wá, kí bàbá mi tó ti mọ́sáláṣí dé, mo kúnlẹ̀ níwájú àwòrán náà, orúnkún méjèèjì. "Ẹ káàárọ̀, màámi." Mi ò tètè dìde.