Ẹ̀rọ Tó Kú Nínú Ìwé

Nínú ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tí Bàbá Èéfín fi ṣiṣẹ́, àṣìṣe kan ṣoṣo ló ṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe ló sì ṣì lò. Ó pa ẹ̀rọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe yẹ. Ohun tó yẹ kó kọ ni "Mo ti pa ẹ̀rọ." Ohun tó kọ ni "Ẹ̀rọ ti kú." Lẹ́nu, kò burú. Nínú ìwé, ọ̀tọ̀ ni ti ìwé.

Ẹ̀rọ amúnáwá ni, kò tóbi. Epo dísù ló ń mu, ìgbà tí ooru bá mú tí gbogbo ìlú sì tan fáànù lẹ́ẹ̀kan náà nìkan ni wọ́n ń tan án, kí iná má baà lọ. Ọgọ́rùn-ún wákàtí lòfin gbà á láyè láti rú èéfín lọ́dún. Iṣẹ́ Bàbá Èéfín ni láti jókòó níwájú ọ̀pá èéfín, kó máa kọ àwọ̀ ohun tó bá jáde: funfun, àwọ̀ eérú, tàbí dúdú. Oṣù kan péré ló kù kó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ti rán ṣòkòtò méjì tí yóò máa fi jókòó nílé.

Lẹ́tà dé láti ọ́fíìsì àgbà. Wọ́n bá a kẹ́dùn, wọ́n ní àwọn ti yọ ẹ̀rọ kúrò nínú ìwé.

Ọjọ́ kejì ni ooru mú. Wọ́n pe Bàbá Èéfín lórí fóònù pé kó tan ẹ̀rọ. Ó tan án, èéfín sì bo àdúgbò ṣúúṣúú. Kò pẹ́ tí akọ̀wé kan fi dé láti ọ́fíìsì àgbà pẹ̀lú fọ́ọ̀mù.

"Bàbá, kí ló ń rú èéfín yìí?"

"Ẹ̀rọ ni. Àbí etí ẹ di ni, ọmọ mi?"

Akọ̀wé ṣí ìwé. "Ẹ̀rọ ti kú. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́. Òkú kì í mí, Bàbá. Ta ló tún wà nínú ìwé níbí?"

"Èmi nìkan."

"Ẹ ṣeun." Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Báyìí ni Bàbá Èéfín ṣe kúrò nínú ìwé òṣìṣẹ́, tó bọ́ sínú ìwé ẹ̀rọ. Wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ ọn láyà, wọ́n sì sọ fún un pé ó ti lo wákàtí mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Olówó orí mi, ṣé dísù ni n ó máa bù sínú abọ́ yín báyìí?" Ó tajú kán rí ṣòkòtò méjì tó rán. "Ìfẹ̀yìntì yín ńkọ́?"

Ìbéèrè yìí ló gbé Bàbá Èéfín dé ọ́fíìsì àgbà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

"Ìfẹ̀yìntì kẹ̀?" ni akọ̀wé wí. "Ẹ̀rọ kì í fẹ̀yìn tì, Bàbá. Kíkú ló ń kú. Ẹ kàn kọ ọ́ síbí pé ẹ ti kú, a ó yọ yín lójú ẹsẹ̀."

Ó na bírò sí i. Bàbá Èéfín gbà á, ó wo ìwé, ó wo akọ̀wé. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Ó gbé bírò kalẹ̀.

"N ò kú o. Kọ ọ́ pé mo bàjẹ́."

"Èyí tó bá bàjẹ́, a máa ń gbé e lọ fún àtúnṣe ni."

"Ẹ gbé mi lọ."

Ibi tí a gbúròó rẹ̀ kẹ́yìn ni ilé àtúnṣe ẹ̀rọ, yàrá kẹta, láàárín ẹ̀rọ méjì tó ń fa omi. Wọ́n ní ẹ̀yà tí wọ́n fẹ́ fi pààrọ̀ tirẹ̀ kò tíì dé.