Ẹ̀jẹ̀, Ejò àti Obìnrin Tó Ń Rọbí

Ọjọ́ tí ìyàwó mi di ẹrù ni mo tó mọ̀ pé n kò ní ilé ní Ṣakí, ibi tí mo ń sùn sí ni mo ní. Aṣọ Dúpẹ́ ọmọ wa ló kọ́kọ́ kó sínú àpótí, ó wá kó tirẹ̀ lé e. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Òfíkì dé ni, eruku bò mí dé irun ojú.

"Bàbá Dúpẹ́," ó ní, "bí àwọn èèyàn yìí bá tún gbà yín mọ́ wa lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́ òní, èmi àtọmọ mi á wọ mọ́tò Ìbàdàn lọ́la."

Kò purọ́ mọ́ wọn. Ìparí àwọn ọdún 1970 ni. Ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ kan ló rán mi wá sí Òkè-Ògùn láti máa tọ́jú aláìsàn ní àwọn ìlú tí kò ní dókítà. Díspẹ́ńsárì wa wà ní Ṣakí. Láàárín ọ̀sẹ̀, mọ́tò Lándíróófà á gbé wa lọ sí Àgọ́-Àmọ́dù, Òfíkì, àti Ìwéré-Ilé lọ́jọ́ ọjà wọn. Iṣẹ́ ọ̀hún kò nira tó ìrọ̀lẹ́ rẹ̀. Kí n tó wọlé, àlejò á ti jókòó. Wọn kì í sọ pé ara àwọn kò yá o. Wọ́n wá kí mi ni. Wọ́n á kí mi kú iṣẹ́, wọ́n á kí mi kú ìrìn, wọ́n á gbé iṣu kalẹ̀ tàbí awó kan tí wọ́n so lẹ́sẹ̀. Ta ló máa lé ẹni tó wá kí i? Wọ́n á jókòó títí ọbẹ̀ á fi tutù. Ìgbà tí wọ́n bá dìde tán, tí ọwọ́ wọn ti kan ilẹ̀kùn, ni ọ̀rọ̀ á tó jáde: "Dókítà, inú kan ló kàn ń run mí díẹ̀díẹ̀." Díẹ̀díẹ̀ yẹn lè ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà òjò èṣí.

Iṣẹ́ náà ti kọ́ mi ní ọgbọ́n kan tí kò sí nínú ìwé tí mo kà. Àwa Yorùbá kì í fi àìsàn dáhùn ìkíni. Bí o bá bi ẹni tí òtútù ibà ń mú gbọ̀n pé ara ńkọ́, yóò ní a dúpẹ́. Nítorí náà, ní díspẹ́ńsárì, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo máa ń béèrè. Ti àkọ́kọ́, ìkíni ni. Ìgbà tí mo bá jókòó tì í tí mo tún un béèrè ni òótọ́ ń jáde.

Ìyá Ràbí, ìyá onílé wa, ló gbà wá. Opó ni, àgbà tó ń ṣòwò ẹ̀gúsí. Ẹnu rẹ̀ mú, kò sì sẹ́ni tó lè pa á lẹ́nu mọ́ nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ kọ́. Ó rí àpótí náà, ó ní, "Ìyá Dúpẹ́, tú ẹrù yẹn." Ló bá gbé ìjókòó rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó ẹ̀gúsí. Kò pẹ́ tí ọkùnrin kan fi gbé iṣu dé.

"Ta lẹ wá rí?" Ìyá Ràbí bi í.

"Dókítà ni, Ìyá."

"Dókítà wà ní díspẹ́ńsárì, ó di àárọ̀ ọ̀la. Bàbá Dúpẹ́ ló wà nínú ilé yìí, oúnjẹ ló sì ń jẹ."

"Mo kàn ní kí n kí wọn ni."

"Mo ti bá yín kí wọn. Wọ́n ní ẹ ṣeun."

Ìyàwó mi bú sẹ́rìn-ín nínú yàrá. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

Ìyá Ràbí ṣòfin fún gbogbo àdúgbò. "Ẹ̀jẹ̀, ejò, àti obìnrin tó ń rọbí," ó ní, "àwọn wọ̀nyí kò ní í dúró kí mi. Ìyókù, ilẹ̀ á mọ́." Kò sì fi ẹ̀mí ẹnikẹ́ni ṣeré. Ọjọ́ tí ejò bu àgbẹ̀ kan jẹ, òun fúnra rẹ̀ ló fà á wọlé, tó ń pariwo "Dókítà! Dókítà!" láti ìta. Bẹ́ẹ̀ ni àpótí ìyàwó mi ṣe padà sábẹ́ ibùsùn. Dúpẹ́ ń bá mi ta ayò nírọ̀lẹ́, ó sì ń rẹ́ mi jẹ. Èmi náà, bí mo bá ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà, n ó ní, "Ìyá, ara ò le bí?" Ìyá Ràbí á ní, "Ara le, Alihamudulilai." N ó wọlé lọ jẹun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mò ń pe aláìsàn lọ́kọ̀ọ̀kan ní díspẹ́ńsárì. Ẹni tó kàn dìde lórí bẹ́ǹṣì, Ìyá Ràbí ni. Ó ti gba káàdì bíi ti gbogbo èèyàn, ó sì ti dúró de àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ó ń tiro. Mo tú àkísà tó fi di ẹsẹ̀. Ìṣó ló gún un ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó ti wú dé ọrùn ẹsẹ̀, ojú egbò ti ń rà. Bó bá tún fi pẹ́ díẹ̀ sí i, gígé ni à bá gé e.

"Ìyá, ìgbà wo lèyí ṣẹlẹ̀?"

"Ó ti ṣe díẹ̀."

"Ṣebí inú ilé kan náà la jọ ń gbé! Alaalẹ́ ni mò ń kí yín!"

"Bàbá Dúpẹ́ ló ń kí mi," ó ní. "Dókítà ni mo wá rí. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, kì í ṣe ejò, ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé mo ti kọjá ìrọbí."

Àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín in. Mo gé ibi tó ti kú dànù, mo fún un lábẹ́rẹ́ àti oògùn. A rí ẹsẹ̀ náà gbà là, ṣùgbọ́n ó ń tiro díẹ̀ títí mo fi kúrò ní Ṣakí. Òfin rẹ̀ náà kò yẹ̀. Òun ló jẹ́ kí èmi àti ìyàwó mi lè lo gbogbo ọdún tí ẹgbẹ́ náà ní ká lò.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí mo dé, ó ti padà sẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ẹsẹ̀ lé àpótí ìjókòó kan, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó ń dá àlejò kan padà.

"Ìyá, ara ò le bí?"

"Ara le, Alihamudulilai."

N kò wọlé. Mo fa ìjókòó kan, mo jókòó tì í. Mo tún un béèrè: "Ìyá, ara ńkọ́?"

Ó wò mí lójú, ó gbé igbá ẹ̀gúsí sílẹ̀.

"Ó ń ro mí gan-an, ọmọ mi," ó ní.