Ìṣirò Délé Parí Lẹ́yìn Tí A Ti Sin Ín

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí lórí pèéjì yìí pé kí ló dé tí mi ò sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi mọ́, ẹ fìdí kalẹ̀, mo fẹ́ sọ ọ́ lónìí. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti há mi lọ́fun. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ ìbànújẹ́ ni àbí ọ̀rọ̀ ẹ̀rù.

Ẹ mọ̀ pé físíìsì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì. Ọmọ Ìdó-Ilé ni mí, ṣùgbọ́n Arámọkọ ni èmi àti ọkọ mi ń gbé. Èmi àti Délé la jọ ń ṣe ìwádìí. Ọmọ Ẹ̀fọ̀n ni Délé. Láti ọdún tí a wọ yunifásítì la ti jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà. Ẹ má rò ó sí nǹkan míì o, ọ̀rẹ́ ọkọ mi ni, Ọ́ńkù Ìṣirò ni àwọn ọmọ mi ń pè é.

Síkùlà ni Délé. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Tí egungun bá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, á dùbúlẹ̀, á gbé láàpútọ́ọ̀pù lé àyà, á máa bá iṣẹ́ lọ. Tí mo bá ní kó sinmi, á ní ìsinmi ń bọ̀ wá bá òun, kí n má kánjú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀fẹ̀ ni lẹ́nu rẹ̀. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tí a ń wá, mi ò ní da yín láàmú.

Ẹ ti gbọ́ nípa ihò dúdú tó wà lójú ọ̀run, àbí? Ìràwọ̀ ńlá kan lè kú, kó wó sínú ara rẹ̀, kí agbára tó fi ń fa nǹkan mọ́ra wá pọ̀ débi pé ìmọ́lẹ̀ pàápàá ò ní lè jáde níbẹ̀. Ààlà kan ló yí i ká. Ohun tó bá ti ré ààlà yẹn kọjá, ó lọ nìyẹn. Kò ní padà, kò sì ní ránṣẹ́.

Ìbéèrè tiwa ni pé, ṣé lóòótọ́ ni ààlà yẹn wà? Ṣé kò lè jẹ́ pé nǹkan míì ló wà níbẹ̀, tó jọ ihò dúdú tí èèyàn bá wò ó láti òkèèrè, tó wúwo bíi tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí kò ní ààlà kankan? Ohun tó bá wọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè pẹ́ níbẹ̀ gan-an, àmọ́ á padà jáde.

Ta ló fẹ́ lọ wò ó? Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba ọ̀nà míì. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí ṣáájú wa ti rí i pé, bí a bá fi ìṣirò dá irú ayé kan tó ní èèpo yí ká, gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ la lè kà lára èèpo náà. Ìṣirò inú àti ìṣirò èèpo, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ, èdè wọn ló yàtọ̀. Ẹ wo ẹni tó ń ra àgbọn. Kò fọ́ ọ, ó kàn mì ín létí ni, ó sì ti mọ̀ bóyá omi wà nínú rẹ̀.

Àwa náà, a ó kan èèpo yẹn, a ó sì tẹ́tí. Tó bá jẹ́ ihò dúdú gidi ló wà nínú, ìró náà á máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí á fi parẹ́. Tó bá jẹ́ èyí tí kò ní ààlà ni, ìró á kọ́kọ́ parẹ́ bákan náà, gbogbo ibẹ̀ á parọ́rọ́, ẹ ó ti rò pé ó ti tán, ìgbà náà ni ìró kékeré kan á wá padà.

Ọ̀pọ̀ ọdún la fi wá ìró kékeré yẹn. A ò rí i.

Ìgbà ọyẹ́ ni Délé kú. Òtútù òkè Ẹ̀fọ̀n ò bá ara rẹ̀ mu rárá, ó sì kọ̀, kò kó kúrò níbẹ̀ nítorí ìyá rẹ̀. Opó ni Màmá, oko kòkó ni wọ́n fi rán an níwèé, òun nìkan ni wọ́n sì bí. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń sin ín. Màmá ò sunkún. Wọ́n kàn ń wo ẹnu ọ̀nà ilé, bí ẹni pé ẹnì kan tí wọ́n ń retí ò tíì dé.

Nígbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo wà níbi ìdánrawò kọ́áyà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́sàn-án ọjọ́ kan, fóònù mi gbọ̀n lápò. Mo yọ ọ́ wò. Íméèlì ni. Orúkọ Délé ló wà lókè rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ò ju gbólóhùn kan lọ: iṣẹ́ náà ti parí.

Mo jókòó sórí ilẹ̀. Àwọn tó wà nítòsí mi rò pé òòyì ló kọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bó ṣe rí, kẹ́ ẹ má baà rò pé iwin ni. Ìṣirò wa pọ̀ ju ohun tí láàpútọ́ọ̀pù lè gbé, kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà lókè òkun la máa ń fi í ránṣẹ́ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó, iṣẹ́ oníkálùkù á sì tò sórí ìlà. Délé ti fi ìṣirò kan sórí ìlà náà kó tó kú. Nígbà tó kàn án, kọ̀ǹpútà ṣe é, ó parí rẹ̀, ó sì fi orúkọ ẹni tó ni ín ránṣẹ́ sí àwa méjèèjì bó ṣe máa ń ṣe. Kọ̀ǹpútà ò kúkú mọ ẹni tó kú. Gbogbo èyí ni orí mi mọ̀. Ara mi ni kò gbà.

Nígbà tí mo délé, mo ṣí àbájáde náà. Ìró náà lọ sókè, ó rọlẹ̀, ó parẹ́. Ìlà tó wà lójú kọ̀ǹpútà tẹ́ pẹrẹsẹ. Lẹ́yìn náà, ó ta sókè padà.

Délé ti ṣe ètò kékeré kan tó máa ń sọ àwọn nọ́ńbà wa di ohun tí etí lè gbọ́. Mo ki íápíìsì bọ etí. Mo gbọ́ ìró àkọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, kò sí nǹkan kan, ó pẹ́ gan-an. Lẹ́yìn náà: kó-kó. Kó.

Mo fi ránṣẹ́ sí ọ̀gá wa, òyìnbó kan tó ń darí ìwádìí náà láti òkè òkun. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pè mí lójú ẹsẹ̀. Ó ní ká tètè kọ ọ́ jáde, kí orúkọ Délé sì ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó ní kí n rí i pé mo yẹ ògiri wò kí n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Mo dáhùn pé mo gbọ́. Màá sọ ohun tí ògiri yẹn jẹ́ fún yín láìpẹ́.

Mo kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí Ẹ̀fọ̀n ná. Ṣé kò yẹ kí ìyá rẹ̀ gbọ́? Mo bá Màmá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń pa èkùrọ́. Mo ṣàlàyé bí mo ṣe ṣàlàyé fún yín yìí. Wọ́n ń mi orí. Mo wá fi íápíìsì sí wọn létí, mo tẹ̀ ẹ́.

Òkúta tí wọ́n fi ń pa èkùrọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.

“Bí Délé ṣe ń kan ulẹ̀kùn rè é,” ni wọ́n wí.

Mo ní, “Màmá, nọ́ńbà lásán ni o.”

Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Tún un ṣe kí n gbọ́.”

Mo tún un ṣe. Wọ́n tún bẹ̀ mí. Kí n tó kúrò níbẹ̀, wọ́n ní kí n fi í sórí fóònù àwọn. Mo fi í síbẹ̀. Èwo ni kí n ṣe?

Láti ọjọ́ náà ni èmi alára ti ń gbọ́ ọ. Tí mo bá ń fọ abọ́, màá gbọ́ kó-kó, kó. Màá nu ọwọ́, màá lọ ṣílẹ̀kùn. Kò ní sí ẹnì kankan. Ọkọ mi béèrè ẹni tí mo ń wá, mo ní atẹ́gùn ni. Kò sí atẹ́gùn lọ́jọ́ náà, ó sì mọ̀.

Kò pẹ́ sí i ni Ìyá Tóbi pè mí. Aránṣọ tó wá láti Ìlá ni Ìyá Tóbi, ó háyà yàrá kan nínú ilé Màmá. Ó ní ọ̀rọ̀ kan ń ba òun lẹ́rù. Ó ní Màmá kì í ti ilẹ̀kùn iwájú mọ́. Wọ́n ń bu oúnjẹ Délé sílẹ̀. Tí òun bá béèrè, wọ́n á ní ohun tó bá wọlé lọ lè pẹ́, ṣùgbọ́n á padà.

“Àǹtí Fúnmi,” ló wí, “wọ́n ní ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn.”

Èmi náà ni mo sọ ọ́ lóòótọ́.

Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo jókòó ti ọ̀rọ̀ ògiri. Ohun tó jẹ́ nìyí. Nínú ìṣirò wa, ibì kan wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí kọ̀ǹpútà ò lè dé. A máa ń fi ògiri àfọwọ́ṣe dí i níbẹ̀, kí ìṣirò lè rí ibi dúró sí. Tí a bá wá gbọ́ ìró kan, a gbọ́dọ̀ sún ògiri náà sẹ́yìn, ká tún gbọ́ ọ. Tí ìró náà bá wá láti ara nǹkan tí a ń wá, àkókò tó fi ń padà ò ní yí. Tó bá jẹ́ ara ògiri wa ló ti ń ta padà, á pẹ́ sí i.

Ṣé ẹ ti mọ ibi tí òtítọ́ wà rí, tẹ́ ẹ wá ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kẹ́ ẹ má baà pàdé rẹ̀? Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa, pé mo ní ìwé àwọn ọmọ yunifásítì láti máàkì.

Mo sún ògiri náà, mo fi iṣẹ́ sórí ìlà, mo dúró dè é. Lọ́tẹ̀ yìí, orúkọ tèmi ni íméèlì náà gbé wá. Ìró náà pẹ́ sí i. Mo tún ògiri sún. Ó tún pẹ́ sí i.

Nǹkan kan ò dáhùn nínú lọ́hùn-ún. Ìró tiwa ló lọ gbá ògiri tiwa, tó sì padà wá bá wa.

Mo sunkún lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe sunkún níbi ìsìnkú lọ. Ó dà bíi pé èmi ni mo tún pa á. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá wa, ó ní ó dáa tí a rí i ká tó fi ránṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni. Ó dáa.

Mo padà sí Ẹ̀fọ̀n. Ọ̀sán ni, ilẹ̀kùn iwájú ṣí sílẹ̀ gbayawu. Màmá jókòó ní pálọ̀, wọ́n fi ojú sí ojúde. Mo kúnlẹ̀, mo jókòó tì wọ́n, mo sì sọ ọ́ pátá láìfi nǹkan kan bò. Mo ní ìró yẹn ò ti ọ̀nà jíjìn wá. Mo ní ògiri kan ló gbá, ògiri tí kò sí níbì kankan àfi nínú ìṣirò wa.

Màmá ò wò mí. Ojúde ni wọ́n ṣì kọjú sí tí wọ́n fi béèrè pé:

“Taa ló fi ògiri ọ̀ún síbẹ̀?”

Mo ní, “Délé ni, Màmá. Òun ló kọ apá ibẹ̀.”

“Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi ṣe é?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, “Ọwọ́ ọma mi ni mo gbọ́ nígbà náà. Kì í ṣe uró ẹlòmíì.”

Nínú gbogbo ẹ̀kọ́ tí mo ti kọ́ láyé mi, mo wá ohun tí mo lè fi tako ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò rí i. Mo sì tún ń bẹ̀rù pé kí n má lọ gbà á.

Mo béèrè bóyá kí n yọ ìró náà kúrò lórí fóònù wọn. Wọ́n ní rárá. Wọ́n sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ní kí n kí ọkọ mi àtàwọn ọmọ. Mo ti sọ̀ kalẹ̀ kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ lẹ́yìn mi. Màmá ti ilẹ̀kùn. Wọ́n sì fi ìdábùú sí i.

Ilẹ̀kùn tí Ìyá Tóbi ní wọn kì í tì mọ́ nìyẹn.

Ìwádìí náà ṣì ń lọ. Mi ò lè sọ fún yín bóyá ààlà yẹn wà tàbí kò sí, ẹni tó bá sì ní òun mọ̀ ọ́n dájú, ẹ ní kó fi ìṣirò rẹ̀ hàn yín. Ohun tí èmi rí kọ́ ò ju èyí lọ: ìròyìn tó bá dùn mọ́ wa nínú jù ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, kó tó di pé ẹlòmíì fi ọkàn tì í. Tí a bá sì ti jẹ́ kó dé etí rẹ̀, àwa fúnra wa ló yẹ ká padà lọ tú u, ká má fi rán ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé nǹkan kan ti dé bá yín rí láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ti lọ, bóyá ohùn lórí fóònù, tàbí ẹrù tó pẹ́ lọ́nà? Kí lẹ ṣe sí i? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Mò ń kà á, kódà tí mi ò bá lè fèsì.