Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Mẹ́rìnlá Nínú Ọgbà Ọsàn

Ní gbogbo ọ̀nà Àpòmù, kò sí ẹni tó mọ̀ nípa òjìji igi ọsàn tó mi. Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó bi mí. Mo ti fi tépù wọn àárín ìlà ọsàn kan sí èkejì: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógún. Tí mo bá fi mẹ́fà sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi lọ́tùn-ún àti lósì, ọkọ́ mi kò ní gé gbòǹgbò, méjìlá yóò sì kù fún ẹ̀fọ́. Mo mọ̀ pé tẹ̀tẹ̀ máa ń rí tín-ín-rín níbi tí oòrùn kò bá dé, àti pé ṣọkọ kò bìkítà. Fóònù ló kọ́ mi ní ìdajì, ojú mi ló kọ́ mi ní ìyókù. Ohun tí gbogbo ọmọ Ìkirè mọ̀ láti kékeré nìkan ni n kò rántí.

Ilẹ̀ náà kì í ṣe tèmi. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Alàájì, ló ni ọgbà ọsàn. Mo bẹ̀ ẹ́ títí kó tó yá mi ní àárín ìlà, n kò sì ní ibòmíràn tí mo lè gbin ewé kan sí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn lọ́jọ́ náà: "Ẹ̀fọ́ ni mo ní kí o gbìn o. Ẹ̀fọ́ àti ata." Mo rò pé ó ń bẹ̀rù kí ẹ̀gẹ́ má bàa bá ọsàn rẹ̀ du oúnjẹ. Mo tilẹ̀ yìn ín nínú ọkàn mi pé àgbàlagbà yìí gbọ́n díẹ̀.

Ní ọdún kejì, mo rí i pé oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń jó ata tó wà ní etí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí igi ọsàn méjì ti kú. Mo jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, mo ń fi igi sàmì sí ibi tí òjìji dé ní aago mẹ́ta, mẹ́rin àti márùn-ún. Ìdáhùn dé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà. Mo ra ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ mẹ́rìnlá, mo gbẹ́ ihò tó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà kan àtààbọ̀, mo da ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà sí i, mo sì fi okùn tò wọ́n gbọọrọ bí ọmọ iléèwé.

Obìnrin tó máa ń ra ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ mi ló kọ́kọ́ rí wọn.

"Ọ̀gá àgbẹ̀, ṣé Alàájì mọ̀ sí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí?"

"Ibòji ni, ẹ̀gbọ́n. Tí oòrùn bá ti yí sápá ibí—"

"Mi ò bi yín ní ti oòrùn." Ó gbé ẹ̀fọ́ rẹ̀ rù. "Ẹ kú iṣẹ́ o, onílẹ̀ tuntun."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo rò pé ó ń yìn mí ni.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Alàájì ti mọ́ṣáláṣí wá tààrà.

"Kí lèyí?"

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, sà. Ata ló nílò ibòji."

Ó wo ọ̀kan tí ewé rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. "Ibòji náà mà pọ̀ o. Ta ló gbìn ín?"

"Èmi ni, sà. Gbogbo mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá."

"Ṣé o gbọ́ ohun tí ẹnu rẹ sọ?"

Ìgbà náà ni ọpọlọ mi tó kún fún ẹsẹ̀ bàtà tó wálé. Lọ́dọ̀ wa, ẹni tí a yá nílẹ̀ lè gbin ohun tí yóò kó lọ láàárín ọdún. Ẹ̀fọ́ kì í jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbin ohun tó ń bímọ sídìí, tó ń so lọ́dọọdún, ti ń sọ pé òun ló nilẹ̀. Tó bá di ogún ọdún, ọmọ rẹ̀ á nàka sí i pé, "Bàbá wa ló gbìn ín." Èmi, tí ọmọbìnrin ilé bí, ti ri ẹlẹ́rìí mẹ́rìnlá mọ́lẹ̀, mo sì fi ìgbẹ́ adìyẹ bọ́ wọn.

"Ẹ má bínú, sà. Mi ò rò ó débẹ̀."

"Ìwọ tó ń fi tépù wọn gbòǹgbò! Tí mo bá kú lọ́la, kí làwọn ọmọ mi máa sọ fún tìẹ? Wú u. Bí o kò bá wú u, kó ata rẹ kúrò níbí."

Mo ń wú u lọ́kọ̀ọ̀kan, ata tó ti ń tanná ń wò mí. Bí mo ṣe wú ìkẹrìnlá tán, Alàájì ká apá jálámíà rẹ̀ sókè.

"Gbé wọn wá."

Ó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó ń dá wọn padà sínú ihò kan náà, ó ń fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ mọ́ wọn, ó ń ṣe bisimillà nídìí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, ó gbọn ọwọ́.

"Ta ló gbìn ín?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ó dáa. Kí ata rẹ máa gbádùn ibòji mi. Má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀gẹ̀dẹ̀ mi gbẹ o."

Ìkẹrin tẹ̀ sápá kan, ìkẹsàn-án kò wọlẹ̀ tó, mo sì ní àlàyé tó péye lórí méjèèjì. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ pọn omi.