Ọkọ̀ Àwọn Àna Kò Tíì Dé

Gbogbo ìlú Entebbe ló mọ Kisaakye, obìnrin tó ń bá èèyàn ṣètò ayẹyẹ, sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ máa ń balẹ̀. Bí kánópì bá ya, bí alásè bá gbàgbé iyọ̀, bí àwọn àna bá ń fa ọ̀rọ̀ mọ́ ara wọn lọ́wọ́, á rẹ́rìn-ín, á kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, á sì ti tún nǹkan ṣe kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó bàjẹ́. Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé kò sí ayẹyẹ tó máa bẹ̀rẹ̀ tí Kisaakye kì í kọ́kọ́ bì, lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, níbi tí ojú ò tó. Oorun ti fi í sílẹ̀ tipẹ́. Nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ní kó dín iṣẹ́ kù, kó sì wá ẹni tí yóò máa bá a gbé e. Kisaakye dúpẹ́, ó sì lọ gba iṣẹ́ mìíràn.

Iṣẹ́ ìdílé Ssaalongo Kaggwa ni, tí ilé wọn wà létí adágún Nalubaale gan-an. Babirye ọmọ wọn fẹ́ mú ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wá han àwọn òbí. Ará erékùṣù Ssese ni Kalanzi, ó sì ti pinnu pé ojú omi ni òun àti àwọn èèyàn òun yóò gbà wá, tààrà sí ẹ̀yìnkùlé àna. Inú Kisaakye sọ pé rárá. Ẹnu rẹ̀ dá Kalanzi lóhùn pé, "Á dára gan-an, ssebo," bí wọ́n ṣe ń pe ọkùnrin tí wọ́n bọ̀wọ̀ fún. Ó wá ọkọ̀ tó tóbi, ó rí i dájú pé ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì kárí gbogbo wọn, ó tún pe ìyá àgbà Kalanzi fúnra rẹ̀ pé kó wọ aṣọ tó nípọn nítorí atẹ́gùn.

Lọ́jọ́ náà, oòrùn ràn láàárọ̀. Mátóókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fi ewé dì, ti wà lórí iná nígbà tí Kalanzi pè pé àwọn ti gbéra. Kò pẹ́ sí i tí ọ̀nà gúúsù adágún fi ṣókùnkùn. Atẹ́gùn dé, ó gbá àwọn àga ṣubú, omi tó tẹ́jú tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ru. Kisaakye pe Kalanzi, kò wọlé. Ó pe awakọ̀ ojú omi, kò wọlé.

Ó ṣe bó ṣe máa ń ṣe. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí àwọn olórin má dákẹ́. Babirye yọjú láti yàrá, ó bi í pé ibo ni wọ́n dé dúró. Kisaakye ní wọ́n ti fẹ́ wọlé.

Ó rọra rìn dé ẹ̀yìn ibi ìdáná, ó fara ti ògiri. Àyà rẹ̀ ń lù kì-kì-kì, èémí ò wọlé dáadáa, ìka rẹ̀ ti kú tipiri. Ojú omi nìkan ló ń rí, àti ìyá àgbà yẹn nínú rẹ̀. Ó gbìyànjú ohun tí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ, pé kó tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, kó máa dárúkọ ohun tó wà níwájú rẹ̀. Ìkòkò. Igi ìdáná. Ewé. Kò ràn án lọ́wọ́.

Ibẹ̀ ni Ssenga Zerida, àbúrò bàbá Babirye, ti bá a.

"Kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan kan, Ssenga."

"Má purọ́ fún mi. Mo rí bó o ṣe ń pe fóònù."

Kisaakye bú sẹ́kún. "Wọ́n wà lórí omi. Mi ò rí wọn bá sọ̀rọ̀. Èmi ni mo gbà pé kí wọ́n wá bẹ́ẹ̀."

"Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi nìkan."

Ssenga na ọwọ́ sí i. "Àwa la ni àna, ìwọ nìkan lo wá fẹ́ máa bá gbogbo wa bẹ̀rù? Dìde. O máa sọ fún ẹ̀gbọ́n mi."

"Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi."

"Di apá mi mú."

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé Ssaalongo Kaggwa kì í pẹ́ bínú. Kisaakye kúnlẹ̀, ó ro gbogbo rẹ̀ fún un. Ọkùnrin náà wo omi, kò jágbe mọ́ ọn, èyí sì tún dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Ó ránṣẹ́ sí àwọn apẹja. Wọ́n ní àwọn ò lè wọ omi àfi tí atẹ́gùn bá rọlẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òkú ló máa lọ wá òkú.

Orin dákẹ́. Àwọn àlejò sọ̀ kalẹ̀ wá sí etí omi nínú òjò, pẹ̀lú kanzu àwọn ọkùnrin àti gomesi àwọn obìnrin tí wọ́n wọ̀. Babirye wá láìwọ bàtà.

"Ṣé o ti mọ̀ nígbà tí mo bi ẹ́?"

"Mo ti mọ̀."

Babirye sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Kisaakye kó fóònù rẹ̀ méjèèjì fún Nansikombi, obìnrin tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, ó ní kó fún àwọn ọmọdé lóúnjẹ, òun ò lè ṣe é mọ́. Kò sọ irú rẹ̀ rí látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà.

Nígbà tó yá, atẹ́gùn rọlẹ̀ díẹ̀, àwọn apẹja sì wa ọkọ̀ lọ. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni ìgbì gbé nǹkan pupa kan wá sí èbúté. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì ni. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀. Obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Kisaakye sì jókòó sínú ẹrọ̀fọ̀. Ssenga Zerida jókòó tì í, kò fi ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Kò sọ pé nǹkan máa dára. Ó kàn ń sọ pé, "Mí. Mí sí i."

Ó pẹ́ kí ọkọ̀ àwọn apẹja tó tún yọ lókèèrè, ó kún fún èèyàn. Àpáta kan tí kò sẹ́ni tó ń gbé orí rẹ̀ ni awakọ̀ ti sáré lọ forí pamọ́ sí. Ọkọ̀ rẹ̀ fọ́ mọ́ ọn, gbogbo ẹ̀bùn bá omi lọ, títí kan ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀wù tó ṣẹ́ kù tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀. Apá ọkùnrin kan ṣẹ́. Kò sẹ́ni tó kú.

Ìyá àgbà Kalanzi ni wọ́n kọ́kọ́ gbé sọ̀. Kisaakye kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ṣé ìwọ lo ní kí n wọ aṣọ tó nípọn?"

"Èmi ni, màmá."

"Ó fa omi mu, ó wúwo, ó fẹ́ẹ̀ gbé mi lọ." Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Wá aṣọ gbígbẹ fún mi, kí n lọ kí àwọn àna mi."

Wọ́n ṣe ayẹyẹ náà láìsí ẹ̀bùn. Nansikombi ló darí rẹ̀. Kanzu Ssaalongo ni Kalanzi wọ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Kisaakye ń gbọ́ ohùn wọn láti ibi ìdáná tí wọ́n da aṣọ bò ó sí. Babirye kò wá síbẹ̀, kò sì ránṣẹ́.

Títí dòní, bí atẹ́gùn bá mi kánópì, àyà rẹ̀ á já. Àmọ́ kì í rẹ́rìn-ín bò ó mọ́lẹ̀ mọ́.

Á ní, "Nansikombi, ẹ̀rù ń bà mí o."

Nansikombi á ní, "Mo gbọ́. Kó fóònù wá, kó o jókòó."