Eré Tí Èmi àti Tíṣà Akínṣọlá Sá ní Oǹdó

Ọkùnrin tó pè mí lórí fóònù láàárọ̀ ọjọ́ náà kò sọ fún mi pé òun kò ríran. Ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹ máa ń kọ́ àgbàlagbà ní eré sísá?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Àgbàlagbà tó sanra ńkọ́?" Mo rẹ́rìn-ín, mo ní àwọn gan-an ni oníbàárà mi. Mo ní kó wá bá mi ní pápá ìṣeré ní Àkúrẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kó wọ bàtà tí kò fún un lẹ́sẹ̀, kó má sì jẹun yó kó tó wá.

Nígbà tó dé, ìyàwó rẹ̀ ló dì í lápá mú wọlé. Ó wọ awò dúdú, ó mú ọ̀pá funfun lọ́wọ́. Mo rò pé nítorí ìyàwó rẹ̀ ló ṣe pè mí.

"Ẹ káàárọ̀ mà," mo kí obìnrin náà. "Ṣé ẹ̀yin lẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀?"

"Èmi kọ́ o," ó dáhùn. "Ẹni tó pè yín rèé."

Ọmọ Oǹdó ni mí. Olùkọ́ eré ìdárayá ni mí ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí n tó bá ọkọ mi kó wá sí Àkúrẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká ló sọ mí di kóòṣì àgbàlagbà. Ọ̀kan nínú wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ní kí n bá òun dín ikùn òun kù. Ara rẹ̀ yá, ó sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ fún ẹlòmíràn, kí n tó mọ̀, odindi ẹgbẹ́ ló ń dúró dè mí lójoojúmọ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ tán.

Àwọn ènìyàn máa ń bi mí pé, "Ta ni kò mọ eré sá? Kí ni wọ́n ń fi kóòṣì ṣe?" Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tí kò mọ eré sá. Ṣùgbọ́n bí ẹni tí ajá ń lé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ tó pé, orúnkún ti ń dùn wọ́n, wọ́n á dùbúlẹ̀, wọ́n á ní eré sísá kò bá àwọn lára mu. Iṣẹ́ kóòṣì ni láti wo bí ẹsẹ̀ ẹni ṣe ń balẹ̀, láti dá a dúró nígbà tí ara rẹ̀ bá ń yá jù, láti sì lé e jáde nígbà tí ibùsùn bá ń dùn mọ́ ọn.

Jọ́gíráfì ni Ọ̀gbẹ́ni Akínṣọlá ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé ní Ọ̀bà-Ilé kí àrùn kan tó ń pa ojú díẹ̀díẹ̀ tó gba ìríran rẹ̀. Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ṣì ń pè é. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀, orí àga ló ń gbé. Àga náà ló sọ ọ́ di ẹni tó sanra, ọ̀rá náà ló sì fa ẹ̀jẹ̀ ríru. Dókítà ní àfi kó máa mira.

"Mo ti gbìyànjú fúnra mi," ó sọ fún mi. "Mò ń fọwọ́ kan ògiri ilé, mo sì ń sá yí i po. Ọjọ́ kẹta ni mo forí gbá fèrèsé tí ẹnìkan ṣí sílẹ̀." Ó ṣí fìlà, ó fi ojú àpá náà hàn mí. "Ọmọ mi wá fi nǹkan kan tó ń sọ̀rọ̀ sórí fóònù mi. Ó máa ń sọ bí mo ṣe sá jìnnà tó. Ṣùgbọ́n kò lè sọ fún mi pé ewúrẹ́ sùn sójú ọ̀nà."

Mo sọ òótọ́ fún un pé n kò kọ́ ẹni tí kò ríran rí.

"Èmi náà kò tíì jẹ́ afọ́jú tó ń sáré rí," ó ní. "Ẹ jẹ́ ká jọ kọ́ ọ."

Ibẹ̀ ló ti mú mi. Mo bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí a jọ wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n ṣàlàyé okùn atọ́nà fún mi. Okùn kúkurú ni. Apá kan rẹ̀ á wà lọ́wọ́ ẹni tó ń sáré, apá kejì á wà lọ́wọ́ atọ́nà, wọn yóò máa sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Atọ́nà kò gbọdọ̀ fà á, kò sì gbọdọ̀ tì í. Ojú lásán ni atọ́nà. Ẹni tó ń sáré ló ni ẹsẹ̀.

Mo ṣe àlàyé yìí tán, ìyàwó rẹ̀, Màmá Tóyìn, wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kó yé mi," ó ní. "Ẹ̀yin obìnrin lẹ fẹ́ so ara yín mọ́ ọkọ mi, kẹ́ ẹ wá máa sá káàkiri ìgboro Àkúrẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni mà."

"Kí làwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì máa wí?"

Tíṣà dá a lóhùn kí n tó yanu. "Wọ́n á ní mo fẹ́ sá lọ ni, ẹ wá dè mí mọ́lẹ̀."

Obìnrin náà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Iṣẹ́ télọ̀ ló ń ṣe. Nígbà tí wọ́n padà wá, òun fúnra rẹ̀ ló ti rán okùn náà, ó fi aṣọ tó rọ̀ bo ibi tí ọwọ́ máa wọ̀. "Mo wọ̀n ọ́n dáadáa," ó ní, ó ń wò mí lójú. "Kò kúrú débi tí ẹ ó fi máa fara kanra."

Ìrìn la fi bẹ̀rẹ̀. Tíṣà kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, eré ló ní òun wá sá. Ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí òun kò mọ̀: ó ń fi ara sẹ́yìn bó ṣe ń lọ, ó sì ń na ọwọ́ síwájú, bí ẹni tó ń retí ògiri. Kò sí bí ẹni tó bá dúró báyẹn ṣe lè sáré kí ẹ̀yìn má ro ó. A rìn títí ó fi gbà gbọ́ pé kò sí ògiri. Lọ́jọ́ tó ká ọwọ́ rẹ̀ sí ìhà fúnra rẹ̀, mo kàn yára díẹ̀ sí i, òun náà yára, a sì ti ń sáré kó tó mọ̀.

Èkejì tí mo kọ́ ọ ni eré tí èmi máa ń pè ní eré ìtàkùrọ̀sọ. Bí o bá ń sáré tí o kò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀, eré yẹn ti pọ̀ jù fún ọ. Èyí kò ṣòro fún Tíṣà, nítorí ọ̀rọ̀ kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Èmi ló wá ni lára, tí mo ní láti máa pe òkè, gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, kòtò àti gọ́tà, tí mo sì tún ní láti dá a lóhùn.

"Kí ló wà lọ́tùn-ún wa?"

"Ilé kan tí wọn ò tíì kọ́ tán."

"Ilé ti dé ibẹ̀? Oko àgbàdo ni mo fi sílẹ̀ níbẹ̀!"

Báyẹn ni mo ṣe ń fi Àkúrẹ́ hàn án lákọ̀tun, láti Ọ̀bà-Ilé dé ọ̀nà Ìjàpọ̀. Ara rẹ̀ ń fúyẹ́. Dókítà wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó tún un wọ̀n, ó ní kó máa bá a lọ.

Ìgbà tó rí i pé ara ń fúyẹ́ ni wàhálà dé. Ó wá lọ́jọ́ kan, ó ń tiro. Mo bi í, ó ní kò sí nǹkan. Mo wo Màmá Tóyìn. Ó ní, "Ẹ bi í léèrè ibi tó lọ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ní kó sinmi." Àṣé aládùúgbò wọn kan ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń sáré lórí rẹ̀ nínú ilé, ibẹ̀ ló ti lọ sá àsálékún.

"Tíṣà," mo ní, "bí ọmọ kíláàsì yín bá ka ìwé mọ́jú ọjọ́ ìdánwò, tó wá sùn lọ nínú gbọ̀ngàn, ẹ ó yìn ín?"

"N óò nà án ni."

"Èmi kò ní nà yín. Ẹ lọ jókòó títí egungun ojúgun yín á fi dákẹ́."

Ìsinmi wà lára iṣẹ́. Ìgbà tí a bá sinmi ni ara ń lo ohun tí a fún un. Ẹni tó ń dá sáré kì í sábà mọ èyí, nítorí kò sẹ́ni tí yóò sọ fún un pé ó tó. Tíṣà jókòó, ó bínú sí mi, ó padà wá, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Òun ló gbọ́ nípa eré ìje Oǹdó lórí rédíò. Kìlómítà mẹ́wàá ni, láàárín ìgboro. Ó ní òun fẹ́ sá a, òun kò sì fẹ́ kí wọ́n fi àánú ṣe òun. Mo lọ bá ọ̀gá tó ń ṣètò rẹ̀, ó mi orí.

"Màdáámù, èrò máa pọ̀. Bí wọ́n bá tì í ṣubú ńkọ́?"

Mo mú Tíṣà wọlé. Mo fi okùn náà lé ọ̀gá lọ́wọ́. "Ẹ bá a sá dé òpin àdúgbò yìí, kí ẹ padà. Lẹ́yìn náà, ohun tẹ́ ẹ bá sọ la máa gbà."

Ọkùnrin náà rò pé mò ń ṣeré, ṣùgbọ́n Tíṣà ti ń na ẹsẹ̀. Wọ́n lọ, ọ̀gá tòun ti ṣòkòtò ọ́fíìsì. Nígbà tí wọ́n padà, Tíṣà ló ń sọ ìtàn òkè Ìdànrè fún un, ọ̀gá ń mí hẹlẹhẹlẹ, kò lè sọ ju "ẹ̀n-ẹ́n" lọ. Ó fara ti ilẹ̀kùn. "Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀," ó ní. "Èmi gan-an ló yẹ kó wá bá yín ní Àkúrẹ́."

Òjò rọ̀ ní Oǹdó kí ọjọ́ eré tó mọ́, gbogbo títì ń dán. Àwọn ènìyàn tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ní Yaba ti Oǹdó. Bí wọ́n ti fọn fèrè, gbogbo ẹni tó wà níwájú tú jáde bí ẹyẹ. Mo ní kí Tíṣà má dá wọn lóhùn, ká sá eré tiwa. Ìgbà tí a ó fi dé Sábó, a ti ń bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ti dì mọ́ ìbàdí, wọ́n ń rìn.

"Mélòó la ti kọjá?" Tíṣà bi mí.

"Ẹ jẹ́ ká sáré, ẹ má kà wọ́n."

Àwọn ènìyàn rí okùn náà, ariwo sọ. Ìyá àgbà kan ń pariwo pé, "Ẹ wo bàbá tó ń fi etí sáré!" Tíṣà rẹ́rìn-ín, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì tún yá sí i.

Ibi òkè tó kẹ́yìn ni n kò jẹ́ gbàgbé. Láti òwúrọ̀ ni mo ti ń sọ̀rọ̀: kòtò, omi, òsì, ọ̀tún. Bí a ṣe kọjú sí òkè náà, èémí mi kúrú. Mo fẹ́ sọ pé "òkè", ohùn kò jáde. Tíṣà ti fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ bí mo ṣe ń mí.

"Kóòṣì, ẹ̀yin ló ti rẹ̀."

Mo kàn rọ̀ mọ́ okùn.

"Ẹ má sọ̀rọ̀ mọ́. Bí kòtò bá wà, ẹ fi okùn tọ́ mi. Èmi ni mò ń gun òkè yìí."

Ó gùn ún. Kò fà mí, bí mo ṣe kọ́ ọ pé a kì í fa ènìyàn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ pọ̀, pọ̀, pọ̀, kò yára jù, kò sì falẹ̀, mo sì ń fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ lé ìró ẹsẹ̀ tirẹ̀. Nígbà tí a dé téńté, mo gbọ́ tí Màmá Tóyìn ń ké láti ìsàlẹ̀ lápá kejì, "Ẹ máa bọ̀! Ẹ máa bọ̀ o!" Ó ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, ó ń bá wa sá lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì tòun ti bàtà ṣọ́ọ̀ṣì. Ojú mi ń gbóná, n kò mọ̀ bóyá òógùn ni tàbí omijé. A jọ kọjá ìlà ìparí. Ẹni tó wà lẹ́yìn wa pọ̀ ju ẹni tó wà níwájú lọ.

Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ kọ́ Tíṣà lọ́rùn. Ó fọwọ́ pa á, ó wọ̀n ọ́n wò, ó ní, "Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ nípa òkè. Òní ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tí mò ń kọ́ wọn."

Ọ̀sẹ̀ kejì, mo sọ fún un pé ó ti sá kọjá mi, àti pé ó tó àkókò kó ní atọ́nà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Ó kọ̀, ó ní òun kò fẹ́ ẹlòmíràn. Mo ní kóòṣì tó bá di akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ mú kó má bàa yára ju òun lọ ti fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Mo bá a wá nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan láti Ìlárá-Mọ̀kín, ẹni tí èmi fúnra mi kọ́ ní iṣẹ́ atọ́nà. Ẹ̀rù ba nọ́ọ̀sì náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Tíṣà sì ní kó fọkàn balẹ̀, òun mọ ọ̀nà.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá wọn jáde lọ́nà Ọ̀bà-Ilé. Mo tẹ̀ lé wọn díẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jìnnà sí mi. Nọ́ọ̀sì bojú wẹ̀yìn, ó fẹ́ dẹ ẹsẹ̀.

Mo ju ọwọ́ sókè, mo sì fi gbogbo ohùn tó kù nínú mi pariwo. "Ẹ má dúró dè mí! Ẹ máa lọ!"

Wọ́n lọ.