Ọjọ́ Tí Mo Bẹ Dókítà Pé Kó Jẹ́ Kí N Kú

Mo bẹ̀rẹ̀ láti mú àlùmágàjí tó bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Bẹẹrẹ, mi ò sì lè nàró mọ́. Nǹkan kan já ní ìbàdí mi, iná sì gba itan ọ̀tún mi lọ títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Oníbàárà tó wá gba agbádá rò pé mò ń kí òun ni. Ó ní kí n dìde jàre, òun ò tó ẹni tí màá dọ̀bálẹ̀ fún.

Nílé wa ní Bẹyẹrúnkà, wọ́n fi òróró àti àgbo pa mí lára títí mo fi ń dán. Ìrora kò gbọ́. Bí mo bá sín, omi á bọ́ lójú mi. Ìyàwó mi, Ìyá Múrí, ló ń wọ ṣòkòtò fún mi, èmi tí mò ń rán ṣòkòtò fún gbogbo àdúgbò. Ojú tì mí.

Ní ọsibítù, àwọn tó kù jókòó, èmi tí mi ò lè jókòó wà lórí ìdúró títí di ọ̀sán. Dókítà fi àwòrán ẹ̀yìn mi hàn mí. Ó ní tìmùtìmù kéékèèké wà láàárín eegun ẹ̀yìn, tí kì í jẹ́ kí eegun ha ara wọn. Ọ̀kan nínú tèmi ti yọ síta, ó ń tẹ iṣan tó lọ sí ẹsẹ̀. Oògùn tí wọ́n kọ́kọ́ fún mi kò ràn án, iṣẹ́ abẹ ló kù. Ẹ̀rù ọ̀bẹ bà mí ju ikú lọ. Mo ti gbọ́ lórí rédíò pé òfin àwọn ìlú òyìnbó kan gba dókítà láàyè láti ran aláìsàn lọ́wọ́ kó kú wọ́ọ́rọ́wọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ṣe é fún mi.

“Bàbá, òfin wa ò gbà á,” ó ní. “Bó bá tiẹ̀ gbà á, àìsàn tiyín kì í pààyàn. Ìrora lẹ fẹ́ kó kú, ẹ jẹ́ ká pa ìyẹn.”

Mo bínú lọ sílé. Ni ẹbí bá pé lé mi lórí. Ìyá Múrí ní Ọlọ́run ló ni ẹ̀mí. Ẹ̀gbọ́n mi, Àlàájì Lásísì, tó fẹ́ràn àríyànjiyàn ju oúnjẹ lọ, ní bí ìyà bá pọ̀ tí kò sì sí ìwòsàn, ẹni tó ń jẹ ẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ó tó. Inú mi dùn. Ìyá Múrí wá bi Àlàájì bóyá àwọn fúnra wọn ló máa ní kí dókítà ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi wo àjà. Láti yí ọ̀rọ̀ padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí wọn yóò sin mí sí nínú agboolé, níbi tí a ti ń sin òkú wa láti ìbẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀gbẹ́ Ìyá Àgbà nìkan ló ṣẹ́ kù,” ẹ̀gbọ́n mi ní.

Ìyá Àgbà ni ìyálé ìyá mi, tó bá mi jà lórí ariwo ẹ̀rọ ìránṣọ mi títí ó fi kú.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbé mi padà sọ́dọ̀ dókítà,” mo ní. “Kí wọ́n là mí.”

Wọ́n là mí. Ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi ní jẹjẹrẹ nínú eegun, òun náà ń bẹ ohun tí mo bẹ̀. Tèmi ní àtúnṣe, tirẹ̀ kò ní. Mi ò mọ ohun tó yẹ kí òfin sọ fún un, mi ò sì lè fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Mo kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Wọ́n tún kọ́ mi ní ìrìn bí ọmọ ọwọ́. Títí dòní, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi kò mọ ilẹ̀ tútù yàtọ̀ sí gbígbóná, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn ìka yòókù. Orí àga ni mo ti ń kírun fún ìgbà pípẹ́. Láàárọ̀ Jímọ̀ kan, mo rọra forí kanlẹ̀, mo sì dìde fúnra mi. Ẹkún gbọ̀n mí. Mo parí irun, mo tún forí kanlẹ̀.

Ìyá Múrí ní irun ti pé.

Mo ní mo mọ̀.